Bọ́tà màlúù ló wà nínú gâteau tí ìyá ọkọ mi ń jẹ

Ẹ má dárúkọ mi o. Mò ń tan ìyá ọkọ mi jẹ lójoojúmọ́, oúnjẹ ni mo sì fi ń tàn án... ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ pa mí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ifangni, ní ilẹ̀ Benin níbí, ni à ń gbé. Láti ìgbà tí bàbá ọkọ mi ti kú ni Màmá kò ti fẹ́ jẹun mọ́. Ẹ̀kọ, rárá. Iyán, rárá. Á kàn fọwọ́ kàn án, á ní òun ti yó. Ó rù débi pé òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ ń bọ́ sínú omi tó bá ń fọwọ́. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo mọ ibi tí irú rírù bẹ́ẹ̀ ń lọ, ẹ̀rù sì bà mí. Bon, mo máa ń ṣe gâteau, ìyẹn kéèkì, fún àwọn ọmọ mi, nínú ìkòkò ńlá tí mo da yanrìn sí nísàlẹ̀, lórí iná èédú, màgárínì ni mo sì ń lò. Lọ́jọ́ kan mi ò rí màgárínì rà, obìnrin tó ń kó ọjà wá láti òdìkejì bodè ní kí n gbìyànjú bọ́tà, le vrai beurre, bọ́tà gidi. Ẹ̀yin èèyàn mi, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá! Màmá jáde láti yàrá, ó bèèrè ohun tí mò ń sè. Ó gé díẹ̀ jẹ, ó tún gé, ó ń jẹ, ó ń sunkún... èmi náà ń sunkún.

Ìgbà tí mo fẹ́ da bébà bọ́tà náà nù ni mo rí àwòrán màlúù lára rẹ̀. Wàrà màlúù ni wọ́n fi ṣe é! Èèwọ̀ ìdílé ọkọ mi ni màlúù: wọn kì í jẹ ẹran rẹ̀, wọn kì í mu wàrà rẹ̀, Màmá kì í fi mílíìkì sí tíì. Onígbàgbọ́ ni wá o, ṣùgbọ́n Màmá kì í fi èèwọ̀ yẹn ṣeré. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fi omi ẹran màlúù se ọbẹ̀ fún un rí, láti ọjọ́ náà kò fẹnu kan omi nílé rẹ̀ mọ́. Ó yẹ kí n sọ lójú ẹsẹ̀. Mi ò sọ. Ó ní kí n tún ṣe é, mo tún ṣe é! Mò ń fi àgbọn sí i, mò ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n sí i, kódà mò ń yọ́ bọ́tà sínú ògì rẹ̀, ó ń lá àwo. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún padà. Ó ń kọrin tó bá ń gbálẹ̀. Ọkọ mi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, òun náà kò mọ nǹkan kan, òun náà sì ń jẹ ẹ́. Ṣé oore ni mo ń ṣe ni, àbí ìkà?

Franchement, mo gbìyànjú láti padà sí màgárínì. Màmá bù ú jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e sílẹ̀, ó bi mí pé kí ni òun fi ṣẹ̀ mí. Kò jẹ nǹkan mìíràn lọ́jọ́ yẹn... Mo padà sí bọ́tà.

Ní báyìí, ìrántí ọdún kan bàbá ọkọ mi ló bọ́ sí ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Gbogbo ìdílé ń bọ̀ láti Tchaada àti Ko-Koumolou. Màmá ti kéde fún wọn pé gâteau mi ni wọ́n máa jẹ, pé òun fúnra òun ló máa fi bọ ọmọ-ọmọ òun kọ̀ọ̀kan lẹ́nu, pé nínú gbogbo ìyàwó ilé, èmi nìkan ni òun lè dijú jẹ oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó súre fún mi. Àmín kò jáde lẹ́nu mi.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tí mo bá sọ, kò ní jẹun mọ́, ó lè kú. Tí mi ò bá sọ, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi fi èèwọ̀ bọ gbogbo ọmọ ilé lẹ́nu, torí pé ó gbà mí gbọ́. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ìyàwó ilé, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ máa ṣe? Ẹ tètè dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́... Màmá ti lọ ra ìyẹ̀fun, ó ti gbé e síwájú mi.