Ìbéèrè Tí Mo Bi Ọ́ Lójú Oníbàárà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo lérò pé lẹ́tà yìí yóò bá ọ nínú àlàáfíà, pé ara le, iṣẹ́ sì ń lọ déédéé. Àwa náà wà dáadáa. Orúnkún mi nìkan ló ń ṣe bí onílé tó fẹ́ lé ayálégbé jáde.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pè mí sí ilé-ẹ̀kọ́ girama tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà wa, pé kí n wá tún fèrèsé kíláàsì kan ṣe. Olùkọ́ èdè ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọnà-èdè lọ́wọ́. Ó ní tí a bá sọ pé ẹnì kan ga bí òpó iná, àfiwé tààrà nìyẹn. Tí a bá ní omijé rẹ̀ kún garawa, àsọdùn ni. Mò ń rẹ́rìn-ín sínú: àṣé ohun tí à ń sọ lẹ́nu lójoojúmọ́ lórúkọ!

Ló bá dé orí ìbéèrè pèsìjẹ. Ó ní ìbéèrè tí ẹni tó bi í kò retí èsì ni, bí ìgbà tí inú bá ń bí èèyàn tó ní, "Ṣé ojú rẹ fọ́ ni?" Òòlù dúró lọ́wọ́ mi.

Mo rántí ọjọ́ tí o gé ilẹ̀kùn oníbàárà kúrú. Ojú oníbàárà náà ni mo ti pariwo mọ́ ọ pé, "Ṣé èmi ni mo bí ìwọ yìí?" Nígbà tí mo fi máa ra pákó mìíràn dé, o ti lọ, mo sì bá ohun tí o fi pẹ́ńsùlù kọ sórí àjákù pákó: "Ẹ̀yin kọ́, sà." Ọdún mẹ́ta ni mo fi bínú sí gbólóhùn yẹn. Mo pè é ní àfojúdi. Láti ìgbà náà, ìyá rẹ nìkan lò ń pè.

Nígbà tí wọ́n lu aago ìsinmi, mo bi olùkọ́ náà pé, "Tí ẹni tí wọ́n bi bá wá dáhùn ńkọ́?"

Ó ní, "Bàbá, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju bí ẹni tó sọ ọ́ ṣe rò lọ. Ẹni tó sọ ọ́ ló yẹ kó wá a lọ."

N kò lè parí fèrèsé náà lọ́jọ́ yẹn.

Ọmọ mi, inú ló ń bí mi lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo bí ọ, n kò sì tíì rí ẹni tó mọ pákó í rẹ́ bí ìwọ. Bàbá kì í sábà bẹ ọmọ, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má bínú. Ìbéèrè kan ló kù, èyí sì ń fẹ́ èsì: ṣé mo lè wá kí ọ lọ́jọ́ Sátidé?

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á máa dára, o kò ní fẹsẹ̀ kọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.

Àfikún: Mo ka lẹ́tà yìí sí ìyá rẹ létí. Ó ní ọdún mẹ́ta ni òun fi sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún mi láìlo ṣọ́ọ̀kì bíi ti olùkọ́ yẹn. Ó ti ń di ẹrù tirẹ̀, kò dúró de èsì.