Ọ̀pá Màmá Kò Dúró ní Bàsílíkà

Bàámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Màmá. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Toronto, mo sì kí Bùọ̀dá Káyọ̀dé tó ń tọ́jú yín.

Ó ti rẹ̀ mí, Bàámi. Láti ìgbà tí Màmá ti lọ, tí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú kò sì jẹ́ kí n wá sin wọ́n, mò ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ bí ẹni tó ru ẹrù tí kò rí ẹni bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àwọn arúgbó ni mò ń wẹ̀ fún ní Newmarket. Bí mo bá ti di ọ̀kan mú dìde, Màmá ni mo ń rí. Òtútù ti ń wọlé, kò sì sẹ́ni tó ń kí mi kú àbọ̀. Ọ̀pá Màmá nìkan ló wà lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí wọ́n fi í sí lọ́jọ́ tí wọ́n ń padà sílé lẹ́yìn tí wọ́n wá kí mi, tí wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá mú un, ká lè jọ lọ sí bàsílíkà Ánà Mímọ́, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìyá-ìyá Jésù.

Nígbà tí mo bi yín lórí fóònù pé kí ni kí n fi ọ̀pá náà ṣe, ẹ ní kí n gbé e lọ fún ìyá-ìyá Jésù, pé ẹ̀yin kì í ṣe arúgbó. Mo bá bá bọ́ọ̀sì ìjọ wa lọ sí Quebec.

Bàámi, bàsílíkà náà tóbi! Aláìsàn, arọ, abiyamọ, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń wá. Lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀pá bo òpó láti ìsàlẹ̀ dókè. Àwọn tó rí ìwòsàn ló fi wọ́n sílẹ̀. Mi ò lè gbé ti Màmá síbẹ̀. Màmá kò rí ìwòsàn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kó ti wọn mọ́ ti àwọn tó fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sílé?

Auntie Felisia, àgbà ìjọ wa tí orúnkún ń dùn, gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi tilẹ̀ wọlé lọ jókòó. Wọ́n ní igi yìí ṣì lágbára ju àwọn lọ, ṣé kò sẹ́ni tí ẹsẹ̀ ń dùn nílé wa ni? Mo ní Bàbá mi wà, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kì í ṣe arúgbó. Auntie ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọkùnrin ń wí títí wọn á fi ṣubú ní balùwẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, ẹkún sì gbà á lẹ́nu mi. Bùọ̀dá Káyọ̀dé ti sọ fún mi pé láti ọjọ́ ìsìnkú, ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí ẹ dé ibojì Màmá, ẹ kò sì fẹ́ kí ará àdúgbò rí yín pẹ̀lú ọ̀pá.

Mo tan àbẹ́là kan fún Màmá, mo sì gbé ọ̀pá náà padà. Ọmọ Auntie Felisia tó ń bọ̀ wálé yóò mú un wá. Ẹ jọ̀ọ́, Bàámi, ẹ gbà á. Èmi kò lè dé ibojì náà báyìí, ẹ bá mi dé ibẹ̀. Ẹ sọ fún Màmá pé mo lọ sí bàsílíkà. Ẹ ní kí wọ́n má ṣòpò padà wá mú ọ̀pá wọn mọ́, ó ti wá bá wọn.

Ọlọ́run á fún ẹsẹ̀ yín lókun, ẹ ó pẹ́ fún wa. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé wa.

Èmi ni ọmọ yín tó ń ṣàárò yín,
Mopélọ́lá