Ta Ló Ní Kí O Yọ̀ǹda Ara Rẹ?

Àbígbẹ̀yìn mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé o ń rí oorun sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tóóró tí mo rí nínú fóònù yẹn? Olúwa á máa ṣọ́ àtijáde rẹ àti àtiwọlé rẹ. Wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire, ojú ò ní tì ọ́ láàárín àjèjì, ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ níbi tí kò ti sí ẹni tó máa kí ọ pẹ̀lẹ́. Àmín. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Bàbá rẹ wà, ilé búrẹ́dì wà, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ méjèèjì ń kí ọ láti ilé ọkọ wọn. Mo ti kí ọ tán báyìí. Ohun tó kù nínú ìwé yìí, ìbínú ni.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé ni pé mi ò bá ọ sọ̀rọ̀ nínú fóònù mọ́, àfi tí o bá yíwà padà. Ohùn tí o fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tẹ̀ ẹ́ bí o ṣe kọ́ mi, o sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. O kí mi, mo dáhùn. O béèrè ara bàbá rẹ, mo ní kí o dúró kí n ṣàlàyé fún ọ, o ń bọ́rọ̀ tìrẹ lọ. Mo ní ṣé o ò gbọ́ mi ni, o ń bọ́rọ̀ lọ. Mo pariwo orúkọ rẹ débi pé àwọn tó ń ra búrẹ́dì níta yọjú wọlé, síbẹ̀ o ò dúró. Nígbà tí o sọ tìrẹ tán, gbogbo ẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, o ò tiẹ̀ gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu mi. Ta ló kọ́ ọ ní irú ìyẹn? Nínú ilé tí a ti tọ́ ọ, tí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, ọmọdé á panu mọ́. Bàbá rẹ ní bóyá ẹ̀rọ ló fà á. Mo ní ẹ̀rọ kọ́, àjò ló ti bà ọ́ jẹ́. Ìwé sàn jù fún èmi. Tí mo bá ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé, kò sẹ́ni tó máa gbà á mọ́ mi lẹ́nu.

Jẹ́ ká tibi iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí o ń lọ, o ní o fẹ́ lọ kọ́ àwọn èèyàn ní gẹ̀ẹ́sì lókè òkun, lọ́dọ̀ àwọn ìjọ Àgùdà. Mo yọ̀, mo sọ fún gbogbo oníbàárà pé ọmọ mi ti di tíṣà òyìnbó. Ìgbà tí o débẹ̀ tán lo tó sọ fún mi pé wọn kì í san owó oṣù, pé ṣe lo yọ̀ǹda ara rẹ. Mo ní kí o tún un sọ. O tún un sọ, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. O yọ̀ǹda ara rẹ! Ọmọ yìí, ṣé ìwọ lo ni ara rẹ ni? Ẹni tó bá ni nǹkan ló ń yọ̀ǹda rẹ̀. Tí aládùúgbò bá fẹ́ yá ọmọlanke wa, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ ló ń wá, kì í lọ bá ọmọlanke kó ní kí ọmọlanke yọ̀ǹda ara rẹ̀. Èmi ni mo lóyún rẹ tí mo ń po fúláwà, tí ò ń fi ẹsẹ̀ gbá mi nínú bí mo ṣe ń fọwọ́ gbá fúláwà níta. Tí ẹnì kan bá máa yọ̀ǹda rẹ, èmi ni, kò sì sẹ́ni tó bi mí léèrè.

Mo fẹ́ gbójú fo ìyẹn. Àfi ìgbà tó wá kan ọ̀rọ̀ àwọn mọ̀lẹ́bí tuntun tí o lọ kó. Nínú ohùn yẹn kan náà, o ní Fádà ń ṣàárẹ̀, pé ẹsẹ̀ ń dun Fádà, pé ìwọ lo máa ń di Fádà lọ́wọ́ mú gun àtẹ̀gùn láràárọ̀. Bàbá rẹ jókòó tì mí, ó ń to búrẹ́dì sínú páálí. Ó gbọ́. Ó kàn wo ẹsẹ̀ tirẹ̀ tó wú, ó sì ń to búrẹ́dì rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, tí ẹnikẹ́ni bá ní ká pè ọ́, á ní ká fi ọ́ sílẹ̀, pé bóyá o wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ. Ṣé o rí ohun tí o dá sílẹ̀?

Kò tán síbẹ̀ o. O ní Mọ́dà ló ń sọ ìgbà tí ẹ máa sùn àti ìgbà tí ẹ máa jí, pé Mọ́dà dára, bí ìyá ló rí sí gbogbo yín. Bí ìyá báwo? Kí ló ṣe èyí tí o ní? Àwọn Sístà wá lọ jàra. Mo rò ó síwá sẹ́yìn, mo ní bàbá kan, ìyá kan, ọmọbìnrin rẹpẹtẹ, kò sí ọmọkùnrin kankan láàárín wọn, kò sì sí èyí tó ti relé ọkọ. Àwọn kan nínú wọn ti hewú! Mo ní irú bàbá wo ló ń kó ọmọbìnrin pamọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn?

Mo bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀, ó di ilé katikíìsì àwọn ìjọ Àgùdà tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò, bàbá tó máa ń ní ká má jẹ́ kí èèpo búrẹ́dì tòun le nítorí eyín. Mo rojọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí ẹ̀. Ó ní Fádà kì í ṣe bàbá ẹnì kankan, àlùfáà ni, kò tiẹ̀ fẹ́yàwó rí. Ó ní Mọ́dà náà ò bímọ. Ó ní àwọn Sístà ò ní lọ́kọ láéláé, pé wọ́n ti fi ayé wọn fún Ọlọ́run. Ó rò pé òun ń tù mí nínú. Ara mi bù máṣọ. Mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹ̀rín sí i, ó ní àwọn mìíràn kàn wá ràn wọ́n lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀ ni, ibẹ̀ ni Ọlọ́run sì ti pè wọ́n. Mi ò mọ bí mo ṣe délé.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tí o sọ kẹ́yìn fi dá ìjà sílẹ̀ nínú mi. O ní ọdún kan tí o bá wọn ṣàdéhùn ti fẹ́ pé, wọ́n ní kí o lo ọdún kan sí i, o sì ní ọ̀rọ̀ dọwọ́ mi, pé tí mo bá ti ní kí o máa bọ̀, o ń bọ̀ nìyẹn. O ṣeun tí o rántí pé ẹnì kan bí ọ. Ìdáhùn mi ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ náà. Máa bọ̀. Lónìí wọ́n á ní ọdún kan, lọ́la wọ́n á wé ìborí fún ọ, èmi á wá máa kí ọmọ bíbí inú mi ní Sístà.

Jẹ́ kí n tún sọ èyí tó ń dùn mí jù, nítorí o lè rò pé mo ti gbàgbé. Lọ́jọ́ ìbí mi, fóònù dún láàárọ̀. Mo fọwọ́ fúláwà gbé e, mo rò pé ìwọ ni. Àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì ni, gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Bàbá rẹ kà á fún mi pé ọ̀gá báńkì àti gbogbo òṣìṣẹ́ wọn ń bá mi yọ̀, pé kí n pẹ́ láyé, pé àwọn mọyì mi gidigidi. Omi bọ́ lójú mi. Èèyàn tí mi ò bá jẹ, tí mi ò bá mu! Mo yan búrẹ́dì ńlá kan, mo fi bọ́tà sí i dáadáa, mo wé e, mo gbé e lọ fún ọ̀gá náà pé mo wá dúpẹ́. Ó ní òun kọ́ ló kọ ọ́, pé ẹ̀rọ ló ń fi í ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn. Mo ní kí wọ́n mú mi lọ síbi tí ẹ̀rọ náà wà, ó kéré tán kí n kí i. Gbogbo àwọn tó tò sórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Mo gbé búrẹ́dì mi padà sílé. Ẹ̀rọ rántí mi, ọmọ mi tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń kíni kú ọjọ́ ìbí lédè òyìnbó kò rántí.

Lánàá, mo ti mú ìwé láti kọ pé kí o máa bọ̀ kíá. Bàbá rẹ ní ká kọ́kọ́ gbọ́ ohùn kejì tí o fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá yẹn, èyí tí mo fi ìbínú kọ̀ láti tẹ̀. Òun ló tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin tó ń fọṣọ fún ilé náà. Mo rántí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí o fi kíláàsì hàn mí nínú fóònù, tí mo ti wọ bàtà, tí mo sì ti gbé gbogbo korobá kúrò lọ́nà kí o má baà fẹsẹ̀ kọ nígbà tí o bá ń wo inú ilé wa, òun ló jókòó lẹ́yìn, nítòsí àwọn aṣọ tútù tí wọ́n sá sórí okùn. Ó tó mi lọ́jọ́ orí, ìwé ọmọdé ló sì gbé sójú. Nígbà tí gbogbo wọn kí mi ní gúùdù mọ́nì, ohùn wa ni mo gbọ́ lẹ́nu wọn, bí ẹni pé ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n ti wá. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo yí ojú sí ògiri kí o má rí i.

O ní ọmọkùnrin obìnrin tó ń fọṣọ náà ti lọ síbi tó jìnnà láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì bí ọmọbìnrin kan síbẹ̀, gẹ̀ẹ́sì nìkan lọmọ náà gbọ́. O ní nítorí ọmọ-ọmọ yìí ni ìyá náà ṣe ń kọ́ gẹ̀ẹ́sì. O kọ́ ọ bó ṣe máa béèrè pé ṣé o ti jẹun. Ó pè é, ó béèrè, ọmọ dáhùn, ìyá ò gbọ́ èdè tó sọ. O ní ó gbé ìdáhùn náà sẹ́nu bó ṣe gbọ́ ọ, ó ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ bó ṣe ń fọ aṣọ, bó ṣe ń rìn bọ̀, kó má baà sọ nù, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ pé kí o túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Ohun tó gbé wá ni pé, ta nìyẹn? Ọmọ náà bi í pé ta ni. O sì wo ojú obìnrin yẹn, o ní ọmọ náà sọ pé òun ti jẹun.

Bàbá rẹ ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní òun ń lọ wo ààrò, kò sì sí iná nínú ààrò lásìkò yẹn.

Inú bí mi débi pé mi ò lè kọ̀wé mọ́ lánàá. Irú ọmọkùnrin wo nìyẹn? Ó bímọ, kò fi ìyá rẹ̀ mọ ọmọ, àfi ìgbà tí ìyá bá dàgbà tán kó máa wá gbé ìwé ọmọdé! Ká ní mo mọ ilé rẹ̀ ni, ohun tí màá bá a sọ, kò ní nílò ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ìwọ náà parọ́. Èmi náà ì bá pa irọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pa irú irọ́ yẹn fún ìyá ọlọ́mọ, kò lè kó ẹrù rẹ̀ kó máa lọ. O gbọ́dọ̀ dúró kọ́ ọ títí ó fi máa lè dá ọmọ náà lóhùn. Kó lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún un pé èmi ni, èmi ni mo bí bàbá rẹ. Nítorí náà, èmi tí mo ni ọ́, èmi ni mo yọ̀ǹda rẹ. Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ìwọ kọ́, èmi ni.

Mi ò yọ̀ǹda orí rẹ fún ìborí o, ọwọ́ àti ẹnu nìkan ni. Kí o sì pe bàbá rẹ kí o bi í léèrè ẹsẹ̀ rẹ̀, tó bá ní kò dun òun, tún bi í. Ilẹ̀kùn ààrò wa ti yẹ̀, búlọ́ọ̀kù la fi ń tì í, apá kan búrẹ́dì ń jóná, apá kejì funfun báláú, àwọn oníbàárà sì ti ń ráhùn. Mo mọ̀ pé wọn kì í sanwó fún ọ, ṣùgbọ́n wọn ò ní kí o má tọrọ. Sọ fún Mọ́dà pé ìyá kan ló ń bẹ ìyá kan, kó wá nǹkan fi ránṣẹ́. Kó má fi gba báńkì yẹn.

Olúwa á fi ọgbọ́n sí ọ lẹ́nu. Àwọn tí ò ń kọ́ á gbọ́, wọ́n á sì máa fi orúkọ rẹ súre. Àjò ò ní gbà ọ́ lọ́wọ́ wa. Wàá wálé, wàá lọ́kọ tó mọyì rẹ, wàá bímọ. Ọmọ náà, ibi yòówù kó wù ọ́ kí o bí i sí, mi ò ní kọ́ gẹ̀ẹ́sì kankan nítorí rẹ̀ o, ọjọ́ ti lọ, iṣẹ́ sì pọ̀ nílé. Ìwọ ni tíṣà. Èdè wa ni kí o kọ́kọ́ kọ́ ọ, kó tó mọ ohunkóhun mìíràn. Lọ́jọ́ tí mo bá pè, tó gbé fóònù, tó gbọ́ ohùn mi, kò gbọdọ̀ bi mí pé ta ni.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.