Zakariyya Kò Ní Dọ̀bálẹ̀ Níwájú Ẹ̀rọ

Agboolé Fàsásì,
Ìsàlẹ̀ Òsì, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Ẹ̀yin bàbá mi kékeré, Alhaji Muhydeen,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àárò ilé. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru yín ti wálẹ̀? Àwa ń gbádùn, àlùhàmúdù lílàhì, àfi inú tó ń bí mi. Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, torí tí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, ẹ máa ní òyìnbó ló ń bú yín. Ọmọ yín ni o.

Àná ni iṣẹ́ tí ẹ rán sílé dé: kí Zakariyya, àbúrò mi, wá dọ̀bálẹ̀ fún yín lójú gbogbo òṣìṣẹ́ kó tó lè padà síbi iṣẹ́ tí ẹ ti lé e, níbi tí ẹ ti jẹ́ ọ̀gá, níbi tí wọ́n ti ń fa epo àti gáàsì. Àwọn àgbà ilé jókòó yí i ká. Wọ́n ní, "Ìdọ̀bálẹ̀ ń pa èèyàn ni?"

Kí ló ṣe? Ẹ fẹ́ tan ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì gba inú páìpù, lẹ́yìn tí wọ́n tún un ṣe. Aláàmù ń ké. Ẹ ní kí wọ́n pa á, pé ariwo ẹ̀ ti sú yín, pé ẹ ṣáà ti ṣàdúà sí i. Zakariyya gbóòórùn gáàsì, ó nawọ́ sókè, ó ní "Ẹ dúró!", ó sì dá iṣẹ́ dúró. Wọ́n yẹ páìpù wò, ó ti sán. Kí iná ta pàrà lẹ́ẹ̀kan péré ló kù kí gbogbo ibẹ̀ gbiná, bàbá mi!

Nígbà tí mo pè yín lórí fóònù, ẹ ò tiẹ̀ jiyàn. Ẹ ní, "Kì í ṣe gáàsì ni mò ń bá a jà, Jamilah, ẹnu ẹ̀ ni."

Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n wá bá yín ṣètò ààbò ibẹ̀ nígbà tí mo kàwé tán lókè òkun? A jọ kọ ọ́ sínú ètò náà pé ẹnikẹ́ni tó bá rí ewu, ì báà jẹ́ ẹni tó ń gbálẹ̀, lè dá iṣẹ́ dúró. Ẹ buwọ́ lù ú. Tí ọmọ yìí bá wá dojú délẹ̀ níbẹ̀, ẹni tó bá tún gbóòórùn lọ́la á dákẹ́, kí àgbà má baà bínú. Àwa la máa wá kó òkú, tí òkú bá ṣeé kó.

Lọ́jọ́ iléyá, á dọ̀bálẹ̀ fún yín ní ọ̀ọ̀dẹ̀ wa, bí ọmọ ṣe ń kí bàbá. Níwájú ẹ̀rọ yẹn, rárá. Ẹ pè é padà, kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lójú àwọn tí ẹ lé e lójú wọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ yọ orúkọ mi kúrò nínú ètò náà. Màá sì sọ ìdí ẹ̀ fún àwọn tó ni ilé iṣẹ́.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kó má jẹ̀ẹ́ ká gbọ́ ìròyìn yín lẹ́nu aládùúgbò.

Èmi ọmọ yín tó ń bínú nítorí ó fẹ́ràn yín,
Jamilah.

Mo tún rántí: Ìyá Àgbà tó bí yín ní kí n fi tiwọn kún un. Wọ́n ní nígbà tí iná sọ ní ìsọ̀ wọn l'Ọ́jà'ba, ẹ̀yin, ọmọdé, lẹ kọ́kọ́ figbe ta, ẹ tiẹ̀ tẹ agbádá lèmọ́mù mọ́lẹ̀ níbi tí ẹ ti ń sáré. Wọ́n ní kí n bi yín: àgbà wo lẹ kí lọ́jọ́ náà kẹ́ ẹ tó pariwo?