Òkúta Abẹ́ Igi Bàbá Àgbà

Fidencio àbúrò mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Chicago? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ Màmá tún ti wú, àgbàdo wa sì ti gbẹ sóko.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé rèé. Àwọn gíríńgò, àwọn òyìnbó ibí, kọ orúkọ àwọn èèyàn ńlá ẹ̀bá ààlà wa sára òkúta kan, wọ́n wá gbé e nàró sábẹ́ igi tí wọ́n so Bàbá Àgbà Eleuterio kọ́ sí, lórí ẹ̀sùn pé ó jí ẹṣin tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an. Orúkọ tó ṣíwájú ni ti Ọ̀gágun Tuttle, ẹni tó so ó kọ́!

O ṣáà mọ̀ pé Màmá ò mọ̀wé kà rárá. Lọ́jọ́ Àwọn Òkú, tí a máa ń ṣèrántí àwọn èèyàn wa tó ti kú, ó gbé àbẹ́là àti búrẹ́dì lọ sábẹ́ igi náà bí ìṣe rẹ̀. Bó ṣe rí òkúta, ó bú sẹ́kún.

"Eulalia, wọ́n mà ti kọ orúkọ bàbá mi!"

Ó fẹnu ko orúkọ àkọ́kọ́. Àwọn gíríńgò tó wá wo òkúta náà pàtẹ́wọ́ fún un.

Lánàá mo mú òòlù lọ láti fọ́ ọ. Mo bá Màmá níbẹ̀, ó ń fi ọṣẹ fọ ọ́.

Kí Wúndíá Mímọ́ ṣọ́ yín. Wá sílé, kó o bá mi sọ fún un. Bó ò bá lè wá, bá mi gbàdúrà kó kú láìmọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Eulalia