Ilé Búrẹ́dì Àláájì Tí Mo Fi Ẹnu Pa

Ògbómọ̀ṣọ́,
9/5/1988

Bọ̀dá mi Àkànjí,

Ẹ kú iṣẹ́ ògbufọ̀ kóòtù ní Kánò. Mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ Màmá ti ń san ní Ọ̀yọ́. Èmi ò tíì ní ọ̀rẹ́ kankan níbí, ṣùgbọ́n mò ń jẹun.

Ọ̀rọ̀ kan ló mú mi kọ̀wé. Onílé mi, Àláájì Saifudeen, fẹ́ da ilé búrẹ́dì tí bàbá wọn fi sílẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Ọ̀gbẹ́ni Philip ní Ọjà Igbó. Wọ́n ní kí n túmọ̀ àdéhùn tí lọ́yà fi Gẹ̀ẹ́sì kọ. Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà: "Láti ọjọ́ Jímọ̀, ilé-iṣẹ́ Àláájì kò ní sí mọ́. Ti Philip ni yóò jogún ohun gbogbo tó bá fi sílẹ̀."

Ìyàwó wọn bú sẹ́kún. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ará Sábó ti gbé fùrá wá, wọ́n ń kí wa kú ará-fẹ́ra-kù. Àlùfáà wá béèrè ọjọ́ fìdáù.

Àláájì ní, "Ẹ̀yẹolúwa, wá ọ̀rọ̀ tí mo lè fọwọ́ sí láìsọkún, àbí kí o wá yàrá mìíràn."

Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe máa ń sọ ọ́ ní kóòtù? Ẹ tètè fèsì, torí wọ́n ti ra àgbò fìdáù.

Ọlọ́run á dá yín sí, kò sì ní í jẹ́ kí ìwé yín pẹ́ kó tó tẹ̀ mí lọ́wọ́.

Àbúrò yín,
Ẹ̀yẹolúwa