Ọ̀gá Káńsù Ní "Ẹ Pẹ̀lẹ́"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì

Mo borí wọn!

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń tiro lọ tiro bọ̀ ní ọ́fíìsì káńsù, nítorí kọnkéré orí gọ́tà tó fọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè. Inú ihò ibẹ̀ ni mo jìn sí tí ẹsẹ̀ mi fi dá, tí èmi télọ̀ ò lè tẹ máṣìnnì mọ́.

Ọ̀gá tó ń gba ẹ̀sùn níbẹ̀ ò sọ pé "Ẹ pẹ̀lẹ́" fún mi rí. Ẹni tí a ò mọ̀ rí pàápàá, tó bá kọsẹ̀ lójú títì, à ń kí i. Ẹ̀rù ń ba ọkùnrin yìí pé tóun bá ti kí mi, a jẹ́ pé káńsù ti gbà pé àwọn jẹ̀bi nìyẹn.

Lónìí ló wá wo gọ́tà náà.

"Màmá, kò sí nǹkan tó ṣe kọnkéré yìí. Ẹ̀yin lẹ ò wolẹ̀."

Ó ń sọ ọ́ lọ, ó ń wo fáìlì, ló bá jìn sí ihò náà, gbàà!

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o!" Gbogbo àdúgbò ló pariwo. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́.

"Ẹ ṣé o," ló ní. Ó wo ihò náà títí, ó wo ọ̀pá ọwọ́ mi. Orí bẹ́ǹṣì mi ló jókòó sí tó ti kọ ọ́ sí fáìlì pé kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún mi.

Ó ti dìde kó tó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá."

Mo ní kó pariwo ẹ̀, pé etí mi ò gbọ́.

Irọ́ ni mo pa. Mo gbọ́ ọ kedere.